Ipò Etí nínú Ìtàn Ìmọ̀ nípa Èròjà Kùáńtọ́ọ̀mù Onítọpọ́lọ́jì, 1980 sí 2007

Ó rọrùn láti to ìtàn èròjà kùáńtọ́ọ̀mù onítọpọ́lọ́jì tẹ̀lé ẹ̀bùn Nobel ọdún 1985, 1998 àti 2016. Ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ a máa fi ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní inú èròjà ṣe olórí, a sì máa sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní etí rẹ̀ di àfikún lásán. Àbá iṣẹ́ yìí ni pé láti ọdún 1982 ni ọ̀rọ̀ etí ti jẹ́ ìdajì ìtàn náà.

Ní ọdún 1879, ní Baltimore, Edwin Hall ṣàwárí pé òòfà a máa ti iná tí ń ṣàn nínú ewé wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1980, Klaus von Klitzing wọn irú ipá bẹ́ẹ̀ nínú sílíkọ́ọ̀nù ní Grenoble, lábẹ́ òtútù líle àti òòfà alágbára. Ìwọ̀n tí ó rí kò lọ geere. Ó ń lọ bí àtẹ̀gùn. Ìdènà iná ibẹ̀ dúró gbọin sí 25,812.8 ohm tí wọ́n fi odidi nọ́ńbà pín. Síbẹ̀, àkọlé ìwé tí òun, Gerhard Dorda àti Michael Pepper tẹ̀ jáde lọ́dún náà kò mẹ́nu ba etí rárá. Ọ̀nà tuntun láti wọn iye kan tí kì í yí padà nínú físíìsì ni ó ń kéde.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ odidi nọ́ńbà? Ìdáhùn méjì jáde ní 1982. David Thouless àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ pé inú èròjà ni nọ́ńbà náà wà. Ó dà bí ihò ìlẹ̀kẹ̀: bí ó ti wù kí wọ́n mọ ìlẹ̀kẹ̀ sí, ihò rẹ̀ kò dín, àfi tí wọ́n bá dí i. Bertrand Halperin ní tirẹ̀ wo etí. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà láàárín ń yípo lójú kan. Àwọn ti etí kò ráyè yípo tán, wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lọ sí apá kan ṣoṣo. Ìdọ̀tí kò lè dá wọn padà, nítorí kò sí ọ̀nà àbọ̀ ní etí náà.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nọ́ńbà Thouless kò fi ọ̀nà tí iná ń gbà hàn. Ọ̀nà Halperin nìkan kò sì sọ ohun tí ó so ó mọ́ inú. Ní 1993 ni Yasuhiro Hatsugai fi ìṣirò hàn pé iye kan náà ni méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ni pé òfo ni nọ́ńbà ìta èròjà. Nọ́ńbà inú kò lè di òfo díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó ń dènà iná nínú èròjà gbọ́dọ̀ já níbì kan, etí sì ni ibẹ̀.

Ìwúlò èrò yìí hàn nígbà tí kò sí òòfà mọ́. Lẹ́yìn àwòṣe Duncan Haldane ti 1988, Charles Kane àti Eugene Mele sọ ní 2005 pé ọ̀nà méjì lè wà ní etí kan náà, tí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù oníyìípo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò máa gbà lódìkejì ara wọn. Ní 2007, àwọn oníwádìí Laurens Molenkamp dán irú èyí wò ní Yunifásítì Würzburg, níbi tí von Klitzing ti ń ṣiṣẹ́ ní 1980. Èròjà tí ó fẹ̀ àti èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì gbé iná lọ́gbọọgba. Èyí fi hàn pé etí ni iná gbà, kì í ṣe àárín.

Halperin kò sí lára àwọn mẹ́ta tí ó gba ẹ̀bùn 2016. Ìgbìmọ̀ ẹ̀bùn lè yan ẹni tí ó wù ú. Iṣẹ́ òǹkọ̀tàn ni láti tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rí ti wá. Nínú ìtàn yìí, ohun tí ó wà nínú kì bá tí di mímọ̀ tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti etí.