Bí Ẹ̀rọ Géèmù Ṣe Kọ́ Fíìmù Wíwò ní Bonabéri

Fáìlì kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, kódà lẹ́tà kan ṣoṣo. PS3UPDAT.PUP ni. Inú fódà tí wọ́n kọ UPDATE sí ló gbọ́dọ̀ wà, fódà yẹn náà á sì wà nínú òmíràn tí wọ́n kọ PS3 sí, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lò ó á kó o sórí fláàṣì, á ki fláàṣì bọ ihò iwájú PlayStation 3, ẹ̀rọ á wá a rí. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ gbé àdéhùn gígùn kan síwájú rẹ̀ pé kó tẹwọ́ gbà á, lẹ́yìn náà ni ìlà kan á bẹ̀rẹ̀ sí gùn díẹ̀díẹ̀ lójú tẹlifíṣàn. Bí iná bá lọ kí ìlà náà tó dé òpin, ẹ̀rọ lè kú pátápátá. Nílùú tí iná ti ń lọ láìdágbére, ẹni tó fi ẹ̀rọ géèmù jẹun mọ ohun tí ìlà yẹn jẹ́. Kò ní jókòó títí yóò fi kún.

Àwọn ọ̀dọ́ ń pè é ní update. Àwọn tó ń túmọ̀ èdè kọ̀ǹpútà sí Yorùbá ń pè é ní ìmúdójúìwọ̀n. Èyí tí ìtàn yìí dá lé lórí jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2007. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 2.10. Kí ó tó dé, PlayStation 3 tí Sony tà ní €599 nígbà tó wọ Yúróòpù lóṣù Kẹta ọdún náà lè ka Blu-ray, ó lè ka DVD, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi fíìmù DivX hàn án, fíìmù tí ẹ̀rọ DVD olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà ti ń kà fàlàlà, á kọ "Unsupported Data" sí i lójú. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, Microsoft ti kọ́ Xbox 360 náà bí yóò ṣe máa ka DivX. Nígbà tí ọdún 2008 fi wọlé, àwọn ẹ̀rọ géèmù méjèèjì ti gbọ́ èdè tí ọjà Áfíríkà ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Bonabéri ni ibi tó dára jù láti dúró wo ìtàn yìí. Òdìkejì odò Wouri ni, lápá ìwọ̀ oòrùn Douala ní Kamẹrúùnù. "Bona" nínú èdè Duala kò jìnnà sí ohun tí Yorùbá ń pè ní ọmọ tàbí agbo ilé, ìdí nìyẹn tí orúkọ àdúgbò ìlú náà fi kún fún un: Bonanjo, Bonapriso, Bonamoussadi. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ń pe Bonabéri ní Hickory Town. Nígbà tí àwọn ọba Bell àti Akwa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn fún àwọn ará Jámánì ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1884, Lock Priso, olóyè Hickory, kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, ọmọ ogun ojú omi Jámánì dáná sun ìlú rẹ̀. Max Buchner, aṣojú Jámánì níbẹ̀, kó ère gbígbẹ́ orí ọkọ̀ ojú omi Lock Priso lọ, ó sì wà nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Munich títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kum'a Ndumbe III, ọmọ-ọmọ Lock Priso, ti ń béèrè fún un láti ọdún gbọọrọ.

Lẹ́yìn iná yẹn, ohun gbogbo tó ń lọ tàbí tó ń bọ̀ ló ń gba Bonabéri. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin tó lọ sí Nkongsamba ti bẹ̀rẹ̀, 160 kìlómítà, tí wọ́n parí ní 1911. Wọ́n parí afárá Wouri ní 1955. Ibẹ̀ náà ni èèyàn ti ń já sí ọ̀nà Limbe, Buea àti Bamenda. Nítorí náà ni àwọn ará Kamẹrúùnù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi kún àdúgbò náà, tí Pidgin sì fi ń dún níbẹ̀ bó ṣe ń dún ní Wárì.

Pidgin yẹn ṣe pàtàkì, nítorí fíìmù Nàìjíríà. Kenneth Nnebue, oníṣòwò ẹ̀rọ ní Èkó, ti ná owó sórí fíìmù Yorùbá bíi Ajé Ni Ìyá Mi ní 1989 kó tó gbé Living in Bondage jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS ní 1992, lédè Igbo. Glamour Girls rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1994, Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Bonabéri kò nílò ògbufọ̀ fún fíìmù Èkó.

Ohun mìíràn tún wà tí èèyàn kì í sábà rántí. Ọ̀nà méjì ni tẹlifíṣàn ń gbà kun àwòrán láwọ̀ lápá ibí yìí nígbà náà. Nàìjíríà ń lo PAL. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Faransé jọba lé lórí, ń lo SECAM. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Kùtọnu, tí tẹlifíṣàn onílé kò bá gbọ́ ju SECAM lọ, aṣọ òfì pupa á di eérú, gèlè á di eérú, dúdú àti funfun nìkan ni oníwòran á máa rí. Kamẹrúùnù yàtọ̀. Ó ń sọ Faransé, síbẹ̀ PAL ni tẹlifíṣàn ìjọba rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985 mú. Nítorí náà, kásẹ́ẹ̀tì Ìdúmọ̀tà tó dé Douala mú àwọ̀ rẹ̀ bọ̀ pérépéré. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló ṣe ìpinnu yìí nínú yàrá wọn, kò sẹ́ni tó bi oníwòran léèrè, ṣùgbọ́n òun ló pinnu bóyá ẹ̀jẹ̀ inú fíìmù á pupa.

Ohun tí fọ́ọ̀mátì jẹ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí á dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ronú nípa eré bọ́ọ̀lù. Pápá aláwọ̀ ewé náà kò kúrò níbi tó wà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù àti adájọ́ ló ń rìn. Bí ẹ̀rọ bá ń kọ gbogbo koríko sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùndínlọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àyè á tán kíá. Ohun tí codec, ètò tó ń dín ìtóbi fíìmù kù, ń ṣe ni pé ó kọ pápá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó ń kọ ìyípadà nìkan: bọ́ọ̀lù ti sún síhìn-ín, ẹsẹ̀ ti gbéra sókè. Ó sì ń ju ohun tí ojú kò ní ṣàfẹ́rí nù. Bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ sínú àpótí ni. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ká a kò ní mọ bí yóò ṣe tú u. "Unsupported Data" kò ju pé ẹ̀rọ rí àpótí ṣùgbọ́n kò mọ ìkáṣọ náà.

VCD tó gba ipò VHS ń lo ìkáṣọ ayé àtijọ́, MPEG-1. Ìṣẹ́jú 74 péré ló ń wọ inú díìsìkì kan, ìdí nìyẹn tí fíìmù kan fi ń jẹ́ díìsìkì méjì, tí gbogbo wa fi mọ bí ó ṣe ń dùn tó láti dìde pààrọ̀ díìsìkì gẹ́lẹ́ nígbà tí ìyá ọkọ bá fẹ́ sọ̀rọ̀. DVD gba fíìmù kan tán, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù pín ayé sí ẹkùn mọ́ ọn lára. Yúróòpù bọ́ sí ẹkùn 2, Kamẹrúùnù àti Nàìjíríà bọ́ sí ẹkùn 5. PlayStation 2 tó jáde ní Japan lóṣù Kẹta ọdún 2000, tí wọ́n tà ju 155 mílíọ̀nù lọ, ń ka DVD. Fún ọ̀pọ̀ ilé, òun ni ẹ̀rọ DVD àkọ́kọ́. Èyí tó bá dé èbúté Douala ní tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, ẹkùn 2 ló wà nínú rẹ̀. Díìsìkì tí wọ́n ṣe fún ẹkùn ibi tó ń gbé báyìí ni yóò kọ̀.

DivX ni ọjà rí gbà mú. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jérôme Rota, ló tú codec Microsoft palẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, tó tún un ṣe, tó sì sọ ọ́ síta. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún un ní San Diego ní 2000. Pẹ̀lú rẹ̀, fíìmù wákàtí méjì ń wọ inú CD 700MB, ojú rẹ̀ sì mọ́ ju ti VCD lọ. Lórí DVD kan ṣoṣo tó lè gba 4.7GB, odindi ọ̀wọ́ fíìmù lè wọlé. Láti Alábà títí dé Marché Central ní Douala, díìsìkì àkójọpọ̀ tó ní fíìmù mẹ́wàá, ogún, kún orí tábìlì. Ó ba nǹkan jẹ́ fún àwọn tó ṣe fíìmù, ìbàjẹ́ náà kì í sì í ṣe kékeré: iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ènìyàn kan di ìdá kan nínú ogún owó díìsìkì, kò sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi pamọ́ nígbà tí èèyàn bá ń yin ìmọ̀ tó gbé fíìmù dé ilé aláìní.

Síbẹ̀, níbo ni aláìní náà ì bá ti wo fíìmù? Ní 2009, sinimá Le Wouri ní Douala tìlẹ̀kùn, Abbia ní Yaoundé náà tìlẹ̀kùn lọ́dún kan náà. Ohun tó kù ni ilé fídíò àdúgbò, àti ilé géèmù. Inú yàrá kan náà ni wọ́n sábà máa ń wà: bẹ́ǹṣì onípákó, aṣọ tí wọ́n fi bo fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé, fáànù kan tó ń mi orí, tẹlifíṣàn mélòó kan lára ògiri. Lọ́sàn-án, àwọn ọmọ ilé ìwé á san owó ẹyọ fún ìdíje kan, ọmọ Douala kan á mú Barcelona torí agbábọ́ọ̀lù wọn Eto'o, ẹni tí àdúgbò New Bell ní Douala tọ́ dàgbà. Lálẹ́, àwọn àgbà á wá wo fíìmù. Fún onílé géèmù, ìmúdójúìwọ̀n 2.10 túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ ọ̀sán àti ti alẹ́. Kò ní láti ra ẹ̀rọ DVD mọ́. Fáìlì orí fláàṣì ti tó.

Ẹ̀bùn náà ní okùn nídìí. Fọ́ọ̀mátì kejì tí 2.10 mú wá, WMV, kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì láti gba àṣẹ. Fáìlì tó bá ju 2GB lọ kò ní dáhùn títí 2.20 fi dé lóṣù Kẹta ọdún 2008. Nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2009, 3.10 gbé Cinavia wọlé: ẹ̀rọ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àmì kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú ohùn fíìmù, tí etí èèyàn kò lè gbọ́. Bí ó bá gbọ́ ọ nínú ẹ̀dà tí kò yẹ, á dá fíìmù dúró tàbí á pa ohùn rẹ̀, lójú gbogbo oníwòran tó ti sanwó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2010, 3.21 gba àǹfààní fífi ètò kọ̀ǹpútà Linux sórí ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á nítorí ìyẹn. Ẹni tó kọ̀ láti tẹwọ́ gbà á kò ní lè wọ nẹ́tíwọ̀kì Sony mọ́.

Àdéhùn gígùn tó ń yọ lójú tẹlifíṣàn ní àyè méjì: gbà á, tàbí má gbà á. Lock Priso mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ géèmù kì í dáná sun ìlú, a kò gbọdọ̀ fi ikú wé ìdárayá. Ṣùgbọ́n pé ẹni tó wà lókèèrè lè yí ohun tí èèyàn ti fowó rẹ̀ rà padà nínú yàrá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ará Bonabéri yára gbọ́ ni.

Bí ẹ̀rọ bá sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló ní i? Okùn abẹ́ òkun SAT-3 dé Douala láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, síbẹ̀ owó dátà kì í ṣe owó ọmọdé, fláàṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbé nǹkan káàkiri. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 2017, íntánẹ́ẹ̀tì kú ní ẹkùn méjèèjì tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù. Ọjọ́ 93 ló fi kú, títí di ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Àwọn ọ̀dọ́ oníkọ̀ǹpútà Buea, níbi tí wọ́n ń pè ní Silicon Mountain, ń wọkọ̀ jáde lójoojúmọ́. Àwọn kan gba yàrá ní Bonako, abúlé kan lójú ọ̀nà Douala tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń mú, wọ́n sọ ibẹ̀ di ibùdó àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì lé nílé. Àwọn mìíràn ń bá ọ̀nà náà lọ títí dé Douala. Bonabéri ni ọkọ̀ wọn kọ́kọ́ ń kàn. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, fóònù inú àpò á ti bẹ̀rẹ̀ sí dún, ìròyìn á sì ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

PlayStation 4 tó jáde ní 2013 tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìdí: kò lè ka fáìlì fíìmù kankan lórí fláàṣì títí di oṣù Kẹfà ọdún 2015, nígbà tí wọ́n fún un ní ètò tó gbọ́ MKV. PlayStation 3 kò ì tíì kú. Ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Sony ṣì ń gbé ìmúdójúìwọ̀n jáde fún un, ohun tó sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tuntun tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ka díìsìkì Blu-ray tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Fáìlì náà wọn nǹkan bí 200MB báyìí. Inú fódà UPDATE náà ló ṣì ń wà, nínú fódà PS3, lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀.