Awo Tó Rì àti Ọkọ̀ Tó Ń Fò: Ìtàn Àbáláyé Nínú Eré Ọjọ́ Iwájú

Kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ bí Ìkẹjà ṣe gba orúkọ rẹ̀. Yóò ní àwọn òyìnbó amúnisìn ni ó kó lẹ́tà jọ láti inú "Ikorodu and Epe Joint Administration", tí wọ́n sọ ọ́ di Ìkẹjà. Ìtàn náà mọ́ lẹ́nu, ó kúrú, ó sì jọ ohun tí ìjọba lè ṣe. Àbùkù rẹ̀ ni pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí àwọn Àwórì ń sọ ni pé àwọn ènìyàn wọn láti Ọ̀tà ni ó tẹ ibẹ̀ dó, tí wọ́n sì fi orúkọ Àkẹjà, òrìṣà wọn ní Ọ̀tà, pe ibùdó náà. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà ní apá ìlà-oòrùn, wọ́n sì jìnnà. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò béèrè ìdí tí a ó fi fi orúkọ àwọn méjèèjì sọ ibi tí kò sí nínú ìkankan wọn.

Síbẹ̀, ìtàn tí ó dùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ìtàn tí ó jẹ́ ti ìlú. Ohun tí ó ń bá a lọ kò kéré. Ọmọ tí ó bá gba ti lẹ́tà gbọ́ kò ní mọ̀ pé ẹbí kan náà ni Ìkẹjà àti Ọ̀tà, orúkọ Àkẹjà kò sì ní wá sí ẹnu rẹ̀ láéláé. Ní ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́, ọjà àti pápá ọkọ̀ òfurufú ti bò mọ́lẹ̀ tó báyìí, orúkọ ni ó ṣẹ́kù jù lọ nínú ohun tí àwọn baba fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà tuntun lónìí, nítorí pé àwọn eré alápá púpọ̀ tí a gbé ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ọjọ́ iwájú ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ilẹ̀ Yorùbá wá. Irú eré bẹ́ẹ̀ ní ọ̀gá méjì. Ọ̀kan ni ìtàn ìpìlẹ̀ tí àwọn olùwòran ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Èkejì ni ìtàn alẹ́ òní, èyí tí ó gbọ́dọ̀ dùn kí ènìyàn tó jókòó tì í. Ta ni kí òǹkọ̀wé gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀gá méjèèjì kò bá fẹnu kò?

Eré Doctor Who ti ilé iṣẹ́ BBC ti bá ìbéèrè yìí fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1966, ara William Hartnell tí ó ń ṣe Dókítà náà kò le mọ́. Àwọn tí ó ni eré náà wá pinnu pé, níwọ̀n ìgbà tí Dókítà kì í ti í ṣe ọmọ ènìyàn, ara rẹ̀ lè yí padà. Patrick Troughton dìde ní ibi tí Hartnell ṣubú sí. Ọgbọ́n àti bọ́ nínú wàhálà lásán ni èyí, ṣùgbọ́n ó ti di òpó tí gbogbo ilé náà fẹ̀yìn tì. Ẹni tí ó bá sọ lónìí pé Dókítà kò lè yí ara padà ti pa eré náà run.

Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Doctor Who gbé ìtàn rẹ̀ wá sí Èkó. Inua Ellams, tí a bí ní ìlú Jos, ni ó kọ apá tí wọ́n pè ní "The Story & the Engine". Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n há àwọn ọkùnrin mọ́ ibẹ̀, ìtàn tí oníkálukú wọn bá sì sọ nígbà tí wọ́n bá ń gẹ irun rẹ̀ ni ó ń fún ẹ̀rọ kan lágbára láti rìn. Ẹ̀yìn aláǹtakùn ńlá kan ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Obìnrin tí ó wà níbẹ̀, Abena, jẹ́ ọmọ Ananse. Àwọn Yorùbá kan lè béèrè pé kí ni Ananse àwọn Ashanti ń wá ní Èkó, nígbà tí Ìjàpá wà nílé. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìdáhùn. Nínú ìtàn àwọn Akan, Ananse fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ra gbogbo ìtàn ayé lọ́wọ́ ọlọ́run wọn, Nyame, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àlọ́ ní "anansesɛm", ìyẹn ọ̀rọ̀ Ananse. Ìjàpá tiwa kò ni àlọ́ kankan; inú àlọ́ ni ó ń gbé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń jẹ ìyà. Ẹ̀rọ tí ń fi ìtàn rìn kò lè jẹ́ ti Ìjàpá. Ellams fi ọmọbìnrin kan kún ẹbí Ananse, ó tún fi tẹ́tẹ́ tí wọ́n ta kún un, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ohun tí ó mú kí àwọn Akan pe àlọ́ ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ohun tí ènìyàn lè kùn sí ni pé Èkó ya ìtàn náà ní àga àti àbẹ, Kumasi ni ó sì ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ yìí fún wa ní òṣùwọ̀n kan. Apá tí ó le nínú ìtàn àbáláyé ni apá tí àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe ohun kan, tàbí tí wọ́n ṣì ń wí ohun kan, nítorí rẹ̀: oríkì, èèwọ̀, orúkọ ìlú, ìbúra. Bí òǹkọ̀wé bá yí apá yẹn padà, àṣà kan ti di aláìnídìí. Apá tí kò bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyé, eré lè ṣe é bí ó ti wù ú.

Ìtàn Ṣàngó ni a fi lè dán òṣùwọ̀n náà wò. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, Ṣàngó ní oògùn tí ń pe àrá. Ó gun orí òkè kan láti dán an wò, àrá náà sán lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ó sì pa àwọn aya àti ọmọ rẹ̀. Ìbànújẹ́ ni ó mú un fi ìlú sílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìtàn onísáyẹ́ǹsì pọ́ńbélé ni èyí: ẹnìkan ní agbára tí kò tíì yé e tán, ó dán an wò, ilé rẹ̀ jó. Ní ọdún 1963, ọdún kan náà tí Doctor Who bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Ládípọ̀ kò fi ìdánwò orí òkè ṣe ìdí pàtàkì. Ìjà Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà ni ó fi ṣe é, ìyẹn ọba tí ó fẹ́ fi ìjòyè kan pa èkejì, tí ọ̀rọ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀nà méjèèjì jìnnà sí ara wọn gan-an, síbẹ̀ àwọn oníṣàngó kò lé Ládípọ̀ kúrò lórí ìtàgé. Ìdí ni pé ó dé Kòso. Ọba náà fi ìlú sílẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ̀ ọ́, àrá sán, àwọn tí ó kù sì ní láti pariwo pé ọba kò so. Gbólóhùn yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn olùsìn. Bí Ládípọ̀ bá ti jẹ́ kí Ṣàngó padà sí ààfin ní àlàáfíà, kò bá sí ẹni tí yóò ní ìdí láti wí i.

D. O. Fágúnwà náà mọ ìṣòro yìí. Nígbà tí ó kọ Igbó Olódùmarè ní 1949 nípa Olówó-Ayé, baba Àkàrà-Ògùn, òǹkàwé tí ó ti ka Ògbójú Ọdẹ ti 1938 ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ baba náà ń lọ. Kò lè tún un kọ; ọ̀nà tí ó gba dé ibẹ̀ nìkan ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọdé òde òní lè má tíì ka Fágúnwà, ṣùgbọ́n púpọ̀ wọn ti gbọ́ nípa Iwájú, eré alápá mẹ́fà tí ilé iṣẹ́ Kugali àti Disney gbé jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024. Èkó ọjọ́ iwájú ni, ọkọ̀ ń fò, aláàmù onírin kan tí ń jẹ́ Otin ń ṣọ́ ọmọ olówó tí ń jẹ́ Tola. Òrìṣà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú rẹ̀. Ìtàn ìpìlẹ̀ tí ó dì mú ni ti ìlú Èkó fúnra rẹ̀: olówó wà ní Erékùṣù, Kole ọ̀rẹ́ Tola wà ní òdìkejì omi níbi tí tálákà ń gbé, ọkọ̀ ìbá fò kan ojú ọ̀run, omi náà kò kúrò láàárín wọn. Ibi tí àwọn olùdásílẹ̀ Kugali ti gbọ́n nìyẹn. Ó kàn jẹ́ pé orúkọ eré náà jẹ́ Yorùbá ju ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn inú rẹ̀ lọ. Roye Okupe gba ọ̀nà mìíràn nínú Iyanu, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ìwé alàwòrán ní 2021, tí ó sì di eré tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ó dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀, Elu, ó sì fi ọmọ aláìlóbìí tí kò sí nínú ìtàn ẹnikẹ́ni ṣe akọni. Kò sí àgbà kan tí yóò dìde pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni bàbá òun ṣe sọ ọ́. Ọgbọ́n ni, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá fún ìtàn àbáláyé báyìí ti fi í sílẹ̀ fún àwọn onílẹ́tà bí ti Ìkẹjà.

Ní Ìkẹjà àti Agége, òrìṣà kan wà tí kò dúró de òǹkọ̀wé kankan kí ó tó wọ ọjọ́ iwájú. Rélùwéè láti Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba Agége kọjá, níbi tí a ti ń gé igi tẹ́lẹ̀, tí a sì gbin kòkó lẹ́yìn náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí pín ilẹ̀ Ìkẹjà fún àwọn oníléeṣẹ́. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Dunlop ṣe táyà ní ọ̀nà Ọba Akran títí di ọdún 2008, Cadbury sì wá sí Agídíngbí. Irin dé lọ́tùn-ún lósì. Ìtàn Ògún tí a jogún mọ ọkọ́, àdá àti idà; kò mọ ẹ̀rọ ìrọ táyà. Síbẹ̀ awakọ̀, jórinjórin àti mẹkáníìkì kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí wọ́n tó sọ ẹ̀rọ náà di ti Ògún. Sandra Barnes, tí ó ṣe ìwádìí ní Mushin tí ó múlé gbe Ìkẹjà, kó àròkọ jọ sí ìwé kan ní 1989 lórí bí òrìṣà yìí ṣe ń tàn kálẹ̀ dípò kí ó máa kú. Ohun tí wọ́n yí padà ni irin. Ohun tí wọn kò yí padà ni ajá tí Ògún ń jẹ àti pé ẹni tí ó bá fi irin búra èké ti pe ikú.

Bí ẹnìkan bá wá fẹ́ gbé irú eré bẹ́ẹ̀ ka Ìkẹjà àti Agége, ìtàn ń bẹ nílẹ̀ tí kò tíì rẹ̀. Àwọn Àwórì ní Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre gbé awo kan lé orí odò Ògùn, ó sì ń tẹ̀ lé e, ibi tí awo náà bá rì sí ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò máa gbé. Awo náà lè di ẹ̀rọ nínú eré. Ó lè máa tàn, ó lè máa bá ìràwọ̀ sọ̀rọ̀, ó lè wá láti ilẹ̀ tí a kò tíì dé rí. Odò náà lè gbẹ kí ó di ojú irin rélùwéè Agége. Ọlọ́fin lè jẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n awo gbọ́dọ̀ rì, nítorí pé "awo ti rì" ni wọ́n fi ń ṣàlàyé orúkọ Àwórì. Bí ó bá léfòó títí eré fi parí, ẹ̀yà odidi kan ti pàdánù orúkọ rẹ̀.

Ìjà kan ṣì kù tí òǹkọ̀wé náà yóò ní láti là. Àwọn kan ní Ìṣẹrì ni awo náà rì sí. Àwọn mìíràn ní ó kàn dúró níbẹ̀ ni, tí Ọlọ́fin ṣọ́ ọ fún ọjọ́ púpọ̀, kí ó tó tún gbéra lọ sí apá Èkó, tí ó yí bírí, tí ó sì rì. Èyí èkejì ni ó yẹ eré alápá púpọ̀ jù, nítorí àwọn àgbà tí ń sọ ọ́ ti fi ọwọ́ ara wọn pín in: awo dúró gbọnin lójú omi, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá wọ́n ti dé ilé.