Kábọ̀n: láti inú èédú dé inú èéfín jẹnẹrétọ̀

Èédú tí wọ́n fi ń sun àgbàdo, kábọ̀n ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Dáyámọ́ǹdì náà, kábọ̀n ni. Bí àwọn átọ̀mù wọn ṣe tò ló yàtọ̀. Kábọ̀n tún wà nínú ṣúgà, nínú bẹntiróòlù, àti nínú ara wa.

Tí bẹntiróòlù bá jó tán pátápátá, kábọ̀n 1 á mú ọ́síjìn 2: carbon dioxide nìyẹn. Bí ọ́síjìn ò bá tó, 1 péré ló máa rí mú. Ó ti di carbon monoxide nìyẹn o! Kò láwọ̀, kò rùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, oorun á sì gbé e lọ. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ gbé sí kọ́rídọ̀ torí olè ń tú u jáde. Ṣíṣí fèrèsé nìkan ò tó. Ẹ gbé e síta, kó jìnnà sílé.