Ògbufọ̀ Tó Mọ Ilẹ̀

Lẹ́yìn tí Béhanzin, ọba Dahomey, juwọ́ sílẹ̀ fún àwọn Faransé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894, ìjọba òyìnbó ráyè fìdí múlẹ̀ ní Savalou, ìlú àwọn ọba Gbaguidi, níbi tí wọ́n ti ń sọ Mahi, àti ní Bantè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Ìṣà, ọmọ ìyá Yorùbá. Ògbufọ̀ ló dúró láàárín. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gbédè méjì ti tó. Èmi ò gbà. Bí àgbà Bantè bá ní “èmi ni mo ni ilẹ̀ yìí,” ó lè jẹ́ pé ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ẹbí ni. Ògbufọ̀ tí kò mọ àṣà ilẹ̀ á sọ ọ́ di ohun títà, kò sì ní ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀!

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Jàpáánì. Ní Nagasaki láyé àtijọ́, ìdílé ògbufọ̀ máa ń jogún iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn bíi Sugita Genpaku ló gbé ìwé ẹ̀yà ara tó wà lédè Dutch jáde lédè Jàpáánì ní 1774. Lóòótọ́, Sugita fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ èdè Dutch. Àmọ́ ní 1771 ó ti wo òkú tí wọ́n là, ó sì rí i pé àwòrán inú ìwé náà bá ohun tó rí mu.