Kí A Tó Lọ Pa Ẹja Ńlá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, gbogbo wa ni a mọ òwe tí ó wí pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Iwájú nìkan ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń wò nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ètò ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín yìí. Ìwé ìtàn ni ó mú kí n bojú wẹ̀yìn. Ìyá mi, tí kò ka ìwé ìtàn kan rí, ni ó sì là mí lóye ohun tí mo rí níbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n mi yìí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe ní ìlú Hull, ní ìhà ìlà-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ̀wé sí mi pé bí mo bá lè tọ́jú owó ọkọ̀ òfúrufú, òun yóò fún mi ní ibùsùn àti oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ó ní òun rí àwòrán àtijọ́ kan lára ògiri ilé oúnjẹ kan ní Scarborough, ìlú etí òkun tí kò jìnnà púpọ̀ sí Hull. Nínú àwòrán náà, ọkùnrin kan tí ó wọ kóòtù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja kan tí wọ́n fi okùn so ìrù rẹ̀ kọ́ sókè, ẹja náà sì ga ju ọkùnrin náà lọ. "Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n mi kọ, "àwa náà yóò lọ mú irú rẹ̀."

Inú mi dùn dé góńgó. Owó tí mo ti fi ọdún méjì kó jọ nípa kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Faransé ní ìrọ̀lẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ná an sórí ìrìn àjò yìí, ó tán nìyẹn. Nítorí náà mo pinnu pé kí n tó san kọ́bọ̀ kan, n ó kọ́kọ́ wádìí ohun mẹ́ta: níbo ni a ó ti rí ẹja náà, ìgbà wo ni a ó rí i, kí sì ni a ó fi mú un?

Túnà ni à ń pe ẹja tí mo ń wí yìí. Oríṣiríṣi ni túnà, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń torí rẹ̀ la òkun kọjá ni túnà onílẹbẹ aró, tí ó tóbi ju gbogbo àwọn ìyókù lọ. Ó lè gùn tó mítà mẹ́ta. Ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja kì í gbóná ju omi tí wọ́n wà nínú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara túnà yìí a máa gbóná ju omi lọ. Ìdí nìyí tí ó fi lè yé ẹyin sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ti Mẹditaréníà tàbí ti ẹ̀bá Mẹ́síkò, kí ó sì tún lọ jẹun nínú òkun tútù ìhà àríwá.

Nítorí pé èdè ni mo ń kọ́, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ pè é ní thynnos, àwọn ará Róòmù pè é ní thunnus, ó di tūn lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ó sì di atún lẹ́nu àwọn ará Spéìn. Tunny ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà wo ni wọ́n wá sọ ọ́ di tuna? Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, ní California, níbi tí èdè Spéìn àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fà mí lọ́wọ́ dé California, ibẹ̀ gan-an ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi pípa ẹja yìí ṣe eré ìdárayá.

Erékùṣù kan wà ní etíkun California tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Santa Catalina. Avalon ni ìlú tí ó wà lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1898, Charles Frederick Holder fi ọ̀pá àti okùn ìwọ̀ mú túnà kan tí ó wúwo tó pọ́n-ùn 183, èyí tí í ṣe kílò 83. Ní ọdún náà gan-an ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Avalon tí wọ́n pè ní Tuna Club. Wọ́n ṣe òfin pé kí okùn ìwọ̀ má ṣe nípọn jù, àti pé ẹni tí ó bá di ọ̀pá mú nìkan ni kí ó bá ẹja jà, kí ẹja náà lè ní ààyè láti sá àsálà.

Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ ti ń du ẹni tí yóò mú èyí tí ó tóbi jù. Ní ọdún 1924, Zane Grey, ará Amẹ́ríkà tí ó kọ ìwé ìtàn púpọ̀ nípa àwọn adaran màlúù, mú ọ̀kan tí ó tó pọ́n-ùn 758 ní Nova Scotia, ní ilẹ̀ Kánádà. Ní ọdún 1930, Lorenzo Mitchell-Henry fi ìwọ̀ mú túnà létí Scarborough, ariwo sì ta. Àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ tọ ìlú náà lọ. Ní ọdún 1932, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Peel mú èyí tí ó tó pọ́n-ùn 798. Ní ọdún 1933 wọ́n dá British Tunny Club sílẹ̀ ní Scarborough, ní ọdún kan náà ni Mitchell-Henry sì mú ọba gbogbo wọn: pọ́n-ùn 851, èyí tí í ṣe kílò 386. Ẹ wo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ tí a tò jọ. Díẹ̀ ni ó kù kí ẹja kan ṣoṣo tó o.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Ọkọ̀ ńlá ni ó ń gbé wọn dé ojú agbami, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja. Wọn a wá àwọn ọkọ̀ apẹja ṣáwá tí ń fa àwọ̀n wọn, nítorí túnà a máa yí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ká láti jẹ ṣáwá tí ó bá já bọ́ láti inú àwọ̀n. Ṣáwá yìí kan náà ni wọn a sì fi sí ẹnu ìwọ̀. Mo ka gbólóhùn wọ̀nyí, mo sì ré wọn kọjá. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni olórí ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni ti ọdún 1949. John Hedley Lewis mú túnà kan tí òṣùwọ̀n ní ó tó pọ́n-ùn 852. Ẹyọ pọ́n-ùn kan péré ni ó fi borí ti 1933. Mitchell-Henry yarí. Ó ní okùn tí wọ́n fi so ẹja náà kọ́ ti rin gbingbin fún omi, wọ́n sì ti wọn okùn mọ́ ẹja. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ẹja Lewis. Mo rántí àwọn ìyá oníbàárà tí ń bá ẹlẹ́ja jà nítorí yìnyín tí ó lẹ̀ mọ́ ẹja lórí òṣùwọ̀n.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí ó máa wá ọkọ̀ tí a ó háyà. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kàwé lọ, ìtàn náà dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọdún 1954 ni wọ́n fi ìwọ̀ mú túnà ìkẹyìn ní Scarborough ní sáà náà. Ẹja inú àwòrán tí ẹ̀gbọ́n mi rí ti kú kí bàbá wa tó dáyé! Díẹ̀ ni ó kù kí n fi owó ọdún méjì sanwó láti lọ wo omi lásán.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ ran ìyá mi lọ́wọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ẹja yìnyín ni ó ń tà: ṣáwá, kòtè, Títù àti pańla.

Ó ní, "Àkànní, kí ló dé tí ojú rẹ kọ́rẹ́ lọ́wọ́ báyìí?"

Mo ní, "Màámi, ẹja ńlá kan ni ó kúrò ní ìlú kan, n kò sì mọ ohun tí ó lé e lọ."

"Kí ni ẹja náà ń jẹ?"

"Ṣáwá ni, Màámi."

"Ta ni ó ń pa ṣáwá níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn ni, Màámi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tọ́ka sí páálí kan tí ó ti ṣófo. Ó ní, "Bí páálí yìí bá ti tán, ta ni o máa ń rí níwájú mi? Oníbàárà kì í dúró ti àtẹ tí ó ṣófo. Ìsọ̀ ẹlòmíràn ni yóò gbà lọ. Oníbàárà ni ẹja yín, ṣáwá ni ọjà rẹ̀. Kí ni o tún ń ka ìwé sí?"

Mo padà sí ilé ìkàwé, mo sì rí i pé òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí méjì ni mo rí tí ó ṣe pàtàkì. Èkínní ni pé àwọn ará Norway fi àwọ̀n ńlá yí túnà fúnra rẹ̀ ká, wọ́n sì pa á lápajù ní àwọn ọdún 1950, tí ó fi di pé nígbà tí ọdún 1960 kọjá díẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní òkun ìhà ọ̀hún. Èkejì ni pé oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní 1945, àwọn ọkọ̀ apẹja ń lágbára sí i, àwọ̀n wọn sì ń tóbi sí i, títí ṣáwá fi di ọ̀wọ́n. Ní ọdún 1977, àwọn ìjọba ní láti ti Òkun Àríwá pa mọ́ àwọn tí ń pa ṣáwá. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà. Ọ̀pọ̀ páálí ṣáwá tí ń dé ọjà wa, láti òkun àríwá Yúróòpù ni ó ti ń wá. Owó ṣáwá sì ni màámi fi rán mi ní ilé ìwé. Inú abọ́ kan náà ni èmi àti túnà ti ń jẹun láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ǹjẹ́ ìrìn àjò wa ti fọ́ bí? Rárá o. Ní ọdún 1966, ní ìlú Rio de Janeiro, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí títọ́jú túnà inú Òkun Àtìláńtíìkì. Àdéhùn náà di òfin ní 1969, Nàìjíríà náà sì ti wọ inú rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó pa á mọ́ bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dín iye tí à ń pa kù, ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ sí i. Ní ọdún 2021, àjọ IUCN yọ túnà onílẹbẹ aró ti Àtìláńtíìkì kúrò lára àwọn ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ìparun. Ó tún ti padà sí omi Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ní etíkun Cornwall ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Láti ọdún 2024 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ọkọ̀ kan ní ìwé àṣẹ láti fi ìwọ̀ mú un, ṣùgbọ́n dandan ni kí wọ́n dá a padà sínú omi láàyè.

Bí ó bá jẹ́ títóbi nìkan ni a ń wá, Kánádà ni ì bá yẹ kí a lọ, nítorí Nova Scotia ni Ken Fraser ti mú èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìwọ̀ mú ju rẹ̀ lọ: pọ́n-ùn 1,496, ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti ìwé ìrìnnà ti ilẹ̀ méjì kọjá agbára wa. Nítorí náà Cornwall ni mo yàn. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó gbàgbé Scarborough, kí ó wádìí ọkọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, kí a sì sún ìrìn àjò náà sí oṣù kẹsàn-án ọdún tí ń bọ̀, nítorí láti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ ni ẹja náà ń dé ibẹ̀.

Ó ku ti ìyá mi. Mo ṣàlàyé fún un pé a kò ní mú ẹja náà bọ̀ wá sílé.

Ó ní, "Ẹ ó san owó, ẹ ó bá a jà títí apá yín yóò fi ro yín, ẹ ó sì tún fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ṣe, ó ní, "Ó dára. Ọjà tí a kò tà tán lónìí ni a ń rí pa àtẹ lọ́la. Ṣùgbọ́n Àkànní, má fi gbogbo owó rẹ lọ o."

Mo gbà. Ìdajì owó náà ni n ó mú lọ. Bí ìyókù kò bá tíì pé, n ó tún kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé fún ọdún kan sí i.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń múra àti lọ sí òkèèrè lọ pa ẹja ńlá, ẹ má wo àwòrán ara ògiri nìkan. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìròyìn ẹja kéékèèké ibẹ̀, nítorí ibi tí ṣáwá bá wà ni túnà yóò wà. Àwa tí a sì ní òkun àti ọ̀sà tiwa, ẹ jẹ́ kí á máa bèèrè ìbéèrè kan náà nílé kí àtẹ tó ṣófo. Bí Ọlọ́run bá mú wa dé Cornwall láyọ̀, n ó ya àwòrán ẹja wa nígbà tí ó bá ń wẹ̀ lọ, n ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsọ̀ màámi, lókè páálí ṣáwá.