Ìkànìyàn Ọdún 1920 àti Ìjà Ìjókòó ní Amẹ́ríkà

Ìwé òfin Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa ka èrò orílẹ̀-èdè náà ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n sì fi iye tí wọ́n bá kà pín ìjókòó Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin láàárín àwọn ìpínlẹ̀. Bí a bá fi sẹ́nétọ̀ méjì-méjì kún ìjókòó wọ̀nyí, iye ìbò tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti fi yan ààrẹ nìyẹn. Láyé àtijọ́, bí èrò ti ń pọ̀ ni wọ́n ń fẹ ilé náà lójú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òfin ọdún 1911, ìjókòó dúró sórí 435. Ohun tí ìpínlẹ̀ kan bá jèrè, ọwọ́ òmíràn ni yóò ti jáde.

Ìkànìyàn 1920 ló tú àṣírí ewu yìí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ń fa èrò wọ Detroit. Àwọn ènìyàn dúdú ń sá kúrò ní Gúúsù lọ sí Chicago. Àwọn àjèjì láti Yúróòpù kún New York. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tó ń gbé ìlú ju àwọn ará oko lọ (ibi tí èrò rẹ̀ bá ti tó 2,500 ni wọ́n ń pè ní ìlú, òṣùwọ̀n tó lawọ́ díẹ̀). Àwọn aṣòfin láti agbègbè oko kọ̀ jálẹ̀ láti fi òǹkà náà pín ìjókòó. Wọ́n ní oṣù Ṣẹẹrẹ ni wọ́n ka èrò, nígbà tí àwọn alágbàṣe oko ti wọ ìlú lọ wáṣẹ́. Wọ́n tún ní kò yẹ kí wọ́n ka àjèjì tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè mọ́ èrò. Àwíjàre lásán ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ipò wọn ni wọn kò fẹ́ fi sílẹ̀. George Tinkham, aṣojú láti Massachusetts, sì béèrè ohun tí Gúúsù kò fẹ́ gbọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ń fi àwọn ènìyàn dúdú gba ìjókòó, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n dìbò. Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin sì ti ní kí wọ́n dín ìjókòó irú ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ kù. Wọn kò dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe fi òǹkà 1910 dìbò yan ààrẹ ní 1924 àti 1928 nìyí. Ní 1928 kan náà, àwọn tó ti Gúúsù wá sí Chicago wà lára àwọn tó dìbò fún Oscar De Priest, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin náà láti Àríwá.

Òfin 1929 ló parí ìjà náà: láti ìgbà náà, ìṣirò ló ń pín ìjókòó, kò dúró de ìfẹ́ inú aṣòfin mọ́. Nígbà tí wọ́n lo òǹkà 1930, ìpínlẹ̀ 21 pàdánù ìjókòó 27. Missouri nìkan sọ mẹ́ta nù. California kúrò ní 11, ó di 20. Michigan kúrò ní 13, ó di 17. New York wà ní 45 nígbà náà. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2020, ó di 26, ènìyàn 89 péré ni ì bá sì fi kún òǹkà rẹ̀ kí ìjókòó kẹtàdínlọ́gbọ̀n má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, Texas gba méjì sí i.