Lẹ́tà tó ti Twitter pa fún ọjọ́ 222

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí app yìí ní 2021, ẹ ó rántí. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ jókòó. Ìtàn yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kàn yín. 🧵

Ọdún 1984 ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gágun Buhari ló wà lórí àlééfà, aṣọ sójà ló wọ̀. Ìjọba rẹ̀ gbé òfin kan jáde tí wọ́n ń pè ní Decree 4: akọ̀ròyìn tó bá kọ ohun tó tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀wọ̀n ni. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian ni wọ́n fi mú. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ṣe aṣojú sókè òkun ni wọ́n kọ. Ọdún kọ̀ọ̀kan lẹ́wọ̀n, pẹ̀lú owó ìtanràn 50,000 náírà fún ilé-iṣẹ́ wọn. Owó 1984 o, ẹ má fi ojú òní wò ó.

Òfin burúkú gbáà ni. Ṣùgbọ́n òfin ni, ó wà lákọọ́lẹ̀, ẹ lè kà á, ẹ sì mọ ẹni tó gbé e jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ó di 2021. Buhari ti padà dé, agbádá ló wọ̀ báyìí, ìbò ló gbé e wọlé. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter, ó mẹ́nu ba ogun abẹ́lé, ó ní èdè tó bá yé àwọn tó ń dàlú rú làwọn máa fi bá wọn sọ̀rọ̀. Twitter yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ní ọjọ́ 4, Lai Mohammed, mínísítà ìròyìn, kéde pé ìjọba ti dá Twitter dúró. Ibo ni iléeṣẹ́ mínísítà gbé ìkéde náà sí? Orí Twitter. Mi ò ṣàwàdà.

Wọ́n ní àwọn kan ń lò ó láti tú Nàìjíríà ká. Hmm. Mínísítà kan náà ti ń ráhùn pé Jack Dorsey, ọ̀gá Twitter nígbà náà, ti EndSARS lẹ́yìn ní 2020. Ní tèmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Báwo ni wọ́n ṣe tì í? Ọwọ́ ìjọba ò tó Twitter fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà ló wà. Àwọn tó ń ta dátà fún wa ni wọ́n pàṣẹ fún. NCC ló ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì, tí láísẹ́ǹsì bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ 5, wọ́n tì í. Àwọn aṣòfin ò dìbò, adájọ́ kankan ò pàṣẹ. Lẹ́tà lásán! Decree 4 pàápàá ní nọ́ńbà.

Malami, mínísítà ìdájọ́, tún ní kí wọ́n máa gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sí kóòtù. Ni gbogbo ayé bá sá sí VPN. Ẹni tó wà ní Mókọ́lá n'Ìbàdàn, fóònù rẹ̀ ń sọ pé Netherlands lòun wà 😂. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta aṣọ lórí Twitter, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ VPN ńkọ́? Ọjà rẹ̀ dúró.

Àwa kọ́ la kọ́kọ́ rí i. Mubarak ti íntánẹ́ẹ̀tì Íjíbítì pa ní oṣù kìíní 2011, ó sì kúrò lórí oyè ní ọjọ́ 11 oṣù kejì. Ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ìbátan wa wà ní Kétu àti Pobẹ̀, wọ́n tì í lọ́jọ́ ìbò gan-an, ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2019, ìbò tí ẹgbẹ́ alátakò kankan ò sí nínú rẹ̀.

Ti Tógò ló dùn mọ́ mi jù. Oṣù kẹsàn-án 2017, àwọn èèyàn ń fẹ̀hónú hàn, ìjọba sì pa íntánẹ́ẹ̀tì. Amnesty International Tógò, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn àti akọ̀ròyìn kan gba kóòtù ECOWAS lọ. Ìjọba ní nítorí ààbò ìlú ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 2020, kóòtù ní kò sí òfin kankan tó ti ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 2 CFA fún olùpẹ̀jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibo ni kóòtù yẹn wà? Abuja! Kò tí ì pé ọdún kan tí wọ́n dá ẹjọ́ Tógò tí Abuja kan náà fi ti Twitter.

SERAP àti àwọn mìíràn pẹjọ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 2021, kóòtù ní kí ìjọba má fìyà jẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń lo Twitter. Wọ́n ṣí i padà ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022. Ìdájọ́ gan-an dé ní ọjọ́ 14 oṣù keje: títì náà lòdì sófin, kí Nàìjíríà má sì dán irú ẹ̀ wò mọ́.

Ní oṣù kẹfà 2023, Senegal, tóun náà wà nínú ECOWAS, pa dátà orí fóònù nígbà tí wọ́n rán Ousmane Sonko lẹ́wọ̀n tí ìgboro gbóná.